Bí mo ṣe lé omi kúrò nínú páìpù tírélà kí òtútù tó wọlé

Mo ń kọ eléyìí sílẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé torí pé nígbà tí mò ń wá a kiri kí n tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí mò ń rí kà ò ju "da omi píǹkì sí i, ó parí" lọ (omi píǹkì ni omi aláwọ̀ píǹkì tí wọ́n ń dà sínú páìpù kí òtútù má baà bẹ́ ẹ), kò sì parí síbẹ̀ rárá. Tírélà tí mò ń sọ kì í ṣe ti akẹ́rù o, ilé kékeré onítáyà ni, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò. Ó ní síǹkì níbi ìdáná, síǹkì kékeré ní balùwẹ̀, ṣáwà, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ṣáwà kan tún wà lára ògiri níta, hítà gálọ́ọ̀nù 6 (bíi lítà 23), pọ́ǹpù tó ń lo bátìrì 12V, àti táǹkì mẹ́ta: ti omi mímọ́, ti omi ìdọ̀tí síǹkì, ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Tí tiyín bá yàtọ̀ díẹ̀, ọ̀nà tí omi ń gbà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tó fa gbogbo ẹ̀

Àlòkù ni mo ra tírélà yìí, ìgbà tí òtútù ti lọ ni mo sì rà á. Mo da omi sí táǹkì, mo tan pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ò dákẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kó kùn fún ìgbà díẹ̀, kó ti omi kún inú páìpù, kó wá dákẹ́ fúnra ẹ̀, torí súìṣì kan wà lórí ẹ̀ tó ń gé e tí agbára omi bá ti pé. Eléyìí ń kùn lọ ṣáá. Gbogbo táàpù ló wà ní títì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ síǹkì méjèèjì, ó gbẹ, mo wo ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó gbẹ, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí hítà wà, ó gbẹ. Ìta ni mo bọ́ sí kí n tó rí i: omi ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri láti abẹ́ ilẹ̀kùn kékeré tó bo ṣáwà ìta.

Mo ṣí ilẹ̀kùn yẹn, mo tú síkúrù mẹ́rin, mo fa táàpù ṣáwà náà jáde. Ara ẹ̀ tó jẹ́ ike ti là lápá ọ̀dọ̀ omi tútù, ojú ibi tó là tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí pọ́ǹpù bá kú ẹ ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, àfi tí ẹ bá fi èékánná wá a. Tí mo bá tan pọ́ǹpù báyìí, omi á yọ jáde láti ojú irun yẹn ní pẹlẹbẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wálẹ̀. Ẹ́bò ike (ìsopọ̀ páìpù tó tẹ̀ bí ìgúnpá) tó so mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ náà ti là.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹni tó ni tírélà tẹ́lẹ̀ ò kúkú fi í sílẹ̀ láìtọ́jú. Omi píǹkì wà nínú ọrùn páìpù abẹ́ síǹkì, ó wà nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣí táàpù ilé ìdáná pàápàá píǹkì ló kọ́kọ́ tú jáde. Ó ṣe gbogbo ẹ̀ dáadáa, ṣáwà ìta nìkan ni kò ṣí. Omi tó jókòó síbẹ̀ dì, omi tó bá sì dì máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ibi tó máa fẹ̀ sí. Páìpù PEX (irú ike kan tó ń tẹ̀) tó funfun tàbí tó pupa tàbí tó búlúù yẹn máa ń lè nà díẹ̀, ó sábà máa ń fara dà á, àwọn ike líle ni kì í nà: ẹ́bò, ara táàpù, orí pọ́ǹpù, ife asẹ́, fáàfù ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Àwọn yẹn ló máa ń bẹ́.

Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé iye gálọ́ọ̀nù tí èèyàn dà sí i kọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Iye ẹnu tí omi ní ni, ìyẹn gbogbo ibi tí omi ń gbà wọlé tàbí jáde. Ẹnu kan ṣoṣo tí a ò bá ṣí ti tó láti ba iṣẹ́ jẹ́.

Mo pààrọ̀ táàpù ṣáwà ìta àti ẹ́bò ẹ̀, ìyẹn ò le, kò sì pẹ́. Nígbà tí ojú ọjọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, mo palẹ̀ mọ́ fún iṣẹ́ gangan kó tó di pé òru kan lọ sísàlẹ̀ 0°C (32°F).

Àwọn nǹkan tí mo lò

Omi píǹkì tí wọ́n ṣe fún páìpù omi mímu, gálọ́ọ̀nù 3 (bíi lítà 11). Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà, ó gbọ́dọ̀ ní géèjì àti ohun tí a fi ń dín agbára ẹ̀ kù. Ìdérí onírin tó ń wọ ẹnu omi ìta (ibi tí a ń so họ́òsì mọ́ láti ìta), tó ní ẹnu bíi ti táyà láàárín kí a lè fẹ́ atẹ́gùn gbabẹ̀ wọlé. Sókẹ́ẹ̀tì (orí sípánà) 1 1/16 íǹṣì (27 mm) fún hítà. Họ́òsì kúkúrú tí ojú ń ríran kọjá nínú ẹ̀, téèpù funfun tí púlọ́ḿbà ń wé mọ́ ojú tírẹ́ẹ̀dì, garawa, àkísà, tọ́ọ̀ṣì, awò tí yóò bo ojú, ife funfun kan. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lówó tó pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀, ẹ lè yá ti ẹlòmíì lò torí kò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Omi píǹkì fúnra ẹ̀ kì í wọ́n, tí ẹ bá gbé owó ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó pọ́ǹpù tuntun ẹ ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lórí omi píǹkì yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara ike ẹ̀ kí ẹ tó rà á. Èyí tí a ń wá ni propylene glycol. Èyí tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ mọ́tò sábà máa ń jẹ́ ethylene glycol, májèlé ni, kò gbọ́dọ̀ wọ inú páìpù tí èèyàn ń mu omi nínú ẹ̀ láéláé, kì í báà ṣe ẹ̀kán kan. Wọ́n tún ń ta irú kan tó jẹ́ pé ọtí, ìyẹn ethanol, ni wọ́n fi ṣe é, ó dínwó, ṣùgbọ́n ó ń mú kí àwọn rọ́bà inú fáàfù gbẹ, ó sì lè gbiná, èmi ò rà á. Èyí tí mo rà, wọ́n kọ -50°F sí i, ìyẹn bíi -46°C. Kí ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn ò túmọ̀ sí pé kò ní dì rárá títí ojú ọjọ́ fi máa tutù débẹ̀, ó lè ti di múrumùru kó tó débẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò ní fẹ̀ débi tó máa bẹ́ páìpù. Wọn kì í sì í bomi là á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ atẹ́gùn ṣáájú, torí omi tó bá ṣẹ́kù nínú páìpù máa là á fún yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

1. Yíya àwòrán

Kí n tó fọwọ́ kan sípánà, mo jókòó, mo tọ páìpù láti ibi táǹkì dé ibi tó parí sí, mo yà á sórí bébà. Ẹ má fo ibí yìí. Ohun tí mo kọ ni: ilé ìdáná tútù àti gbóná, síǹkì balùwẹ̀ tútù àti gbóná, ṣáwà inú tútù àti gbóná, ṣáwà ìta tútù àti gbóná, tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹnu 9 nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹnu ìsàlẹ̀ méjì tó wà lábẹ́ tírélà, ọ̀kan pupa fún gbóná, ìkejì búlúù fún tútù, àti ẹnu omi ìta níbi tí a ń so họ́òsì mọ́. Àpapọ̀ 12. Mo lẹ bébà yẹn mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo ẹnu tí mo bá ti parí ni mò ń sàmì sí. Tí tiyín bá ní ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín, ẹ fi kún un, torí àwọn yẹn náà ní fáàfù tiwọn.

2. Dída táǹkì nù

Mo gbé táǹkì ìdọ̀tí méjèèjì lọ dànù níbi tí wọ́n gbà kí a dà á sí, mo kọ́kọ́ da ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì kí omi síǹkì lè wá fọ họ́òsì lẹ́yìn ẹ̀. Mo ṣí ẹnu táǹkì omi mímọ́, mo jẹ́ kó dà tán pátápátá. Mo gbé iwájú tírélà sókè díẹ̀ kó lè tẹ̀ sẹ́yìn, ibẹ̀ ni ẹnu táǹkì tèmi wà, omi tún yọ lẹ́yìn tí mo ti rò pé ó tán.

3. Hítà

Mo ti pa á láti alẹ́, gáàsì àti iná mànàmáná méjèèjì, kó lè tutù dáadáa. Omi hítà tó ṣì gbóná lè bó èèyàn, ẹ má kánjú síbí. Lọ́jọ́ kejì mo pa pọ́ǹpù, mo ṣí táàpù gbóná kan kí agbára inú ẹ̀ lè jáde, mo tún gbé ọwọ́ kékeré tó wà lórí fáàfù ìtúsílẹ̀ hítà sókè, ó mí jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá fi sókẹ́ẹ̀tì tú ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe iwájú ẹ̀.

Omi tó jáde kò mọ́, ìpẹ́pẹ́ funfun pọ̀ nínú ẹ̀. Mo ti họ́òsì tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò yẹn, mo fi omi fọ̀ ọ́ títí èyí tó ń jáde fi mọ́. Ọ̀pá yẹn fúnra ẹ̀, magnesium ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni kí omi máa jẹ òun dípò kó máa jẹ ara hítà onírin. Tèmi ti jẹ gan-an, ní àwọn ibì kan wáyà àárín ẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù, ibòmíràn sì wú bíǹtín pẹ̀lú ẹ̀fun lára. Tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀ bá ti lọ, a máa ń pààrọ̀ ẹ̀ ni, mo pààrọ̀ ẹ̀. Hítà tí inú ẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù kì í lo ọ̀pá yìí, ìdérí ike lásán ló ní, ẹ má fi ọ̀pá sí i.

Omi díẹ̀ máa ń kù sísàlẹ̀ hítà torí ihò yẹn ò sí nísàlẹ̀ pátápátá. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, àyè pọ̀ lókè ẹ̀, tó bá dì ó ní ibi tó máa fẹ̀ sí. Mo wé téèpù mọ́ ọ̀pá tuntun, mo dá a padà kí kòkòrò má baà wọlé.

4. Fáàfù ẹ̀yìn hítà

Eléyìí ló máa ń gba omi píǹkì lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Tí ẹ ò bá yí omi gba ẹ̀gbẹ́ hítà kọjá, hítà máa kọ́kọ́ gbé gálọ́ọ̀nù 6 mì kí ẹ̀kán kan tó dé táàpù gbóná. Fáàfù mẹ́ta ló wà lẹ́yìn tèmi, mo ní láti tú pákó abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí ọwọ́ fáàfù bá dọ́gba pẹ̀lú páìpù, ó ṣí nìyẹn, tó bá dábùú páìpù, ó tì. Mo ti èyí tó ń gbé omi tútù wọ hítà, mo ti èyí tó ń gbé omi gbóná jáde, mo wá ṣí ti àárín. Ti àárín yẹn le koko. Mi ò fi pílàyà fà á torí ike ni ọwọ́ ẹ̀, mo rọra ń yí i lọ yí i bọ̀ títí ó fi jọ̀wọ́. Àwọn tírélà kan fáàfù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àwọn mìíràn méjì, ẹ wo èyí tí tiyín jẹ́.

5. Asẹ́ àti ẹnu ìsàlẹ̀

Mo yọ asẹ́ omi mímu, mo jù ú nù, mo da omi inú ife ẹ̀ nù, mo dá ife náà padà láìsí asẹ́ nínú ẹ̀. Asẹ́ kì í bá omi píǹkì lò. Mo ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú gbogbo táàpù inú ilé kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé lókè, omi sì dà wàà.

6. Fífẹ́ atẹ́gùn

Mo ti gbogbo ẹnu padà, mo de ìdérí onírin mọ́ ẹnu omi ìta, mo so kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mọ́ ọn. Mo gbé e sí 35 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn, bíi ti táyà). Ẹ má jẹ́ kó kọjá 40, torí pé bí táyà ṣe ń gba afẹ́fẹ́ kọ́ ni páìpù yìí ṣe ń gbà á, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sì lè tú páìpù tí òtútù gan-an ì bá tú. Mo wọ awò.

Ẹnu kan lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣí tútù ilé ìdáná, ó tutọ́, ó tutọ́, ó wá di ìkùukùu lásán, mo tì í, mo bọ́ sí gbóná, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ yí gbogbo ilé ká, mo tẹ ẹsẹ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo jáde lọ ṣí ṣáwà ìta lọ́nà méjèèjì, mo sọ orí họ́òsì ẹ̀ kalẹ̀ kí ó dà. Nígbà tí mo parí mo tún padà síbi àkọ́kọ́, omi tún jáde níbẹ̀. Ìgbà tí atẹ́gùn bá kọjá lókè, omi máa ń sá jókòó sí ibi tó lọ sílẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀ á tún kóra jọ. Torí náà ẹ yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán.

Àwọn kan máa ń dúró síbí, wọ́n á ní atẹ́gùn ti tó. Èmi náà fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó, ni mo bá lọ ṣí ife asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù, ife kan tó mọ́lẹ̀ gara tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Omi kún inú ẹ̀ dé ẹnu, kò dín rárá. Ìpàǹtí ike funfun wẹ́wẹ́ ń yí kiri nínú omi yẹn, ó dájú pé láti ìgbà tí wọ́n ti lu ihò sára táǹkì nílé iṣẹ́ ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ìdí ẹ̀ rèé: pọ́ǹpù ní fáàfù nínú tí kì í jẹ́ kí nǹkan padà sẹ́yìn. Atẹ́gùn tó ń wọlé láti ẹnu omi ìta máa dé ẹnu àbájáde pọ́ǹpù, ibẹ̀ ló máa pin sí. Orí pọ́ǹpù, ife yìí, àti páìpù tó ti táǹkì wá, kò kan ìkankan nínú wọn. Pọ́ǹpù ló sì wọ́n jù nínú gbogbo ọ̀nà omi yìí. Mo da omi ife yẹn nù, mo nù ún, mo rí i pé rọ́bà róbótó ẹnu ẹ̀ jókòó dáadáa kí n tó dá a padà.

7. Omi píǹkì

Fáàfù kékeré kan wà láàárín táǹkì àti pọ́ǹpù tí a lè yí kí pọ́ǹpù máa fa nǹkan láti inú họ́òsì dípò táǹkì. Tí tiyín ò bá ní, ó rọrùn láti fi sí i, mo gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi sí i, torí láìsí i ẹ máa ní láti da omi píǹkì sínú táǹkì, ìlò ẹ̀ á pọ̀, ìfọ̀nù ẹ̀ á sì dà yín láàmú. Mo so họ́òsì tí ojú ń ríran kọjá nínú ẹ̀ mọ́ ọn, mo ti ìdí kejì bọ ìsàlẹ̀ gálọ́ọ̀nù, mo ṣí tútù ilé ìdáná, mo tan pọ́ǹpù.

Pọ́ǹpù kùn, kò fa nǹkan kan. Mo pa á, mo gbé gálọ́ọ̀nù sórí àpótí kó lè ga ju pọ́ǹpù lọ, mo tún tàn án. Omi píǹkì gòkè nínú họ́òsì dé ìdajì, ó dúró, ó sì padà sẹ́yìn. Mo tú họ́òsì kúrò lára fáàfù, mo wé téèpù mọ́ ojú tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ní ìgbà bíi mélòó kan, mo de e pa. Bákan náà. Ìgbà yìí ni mo wá fi tọ́ọ̀ṣì tan ara họ́òsì, mo sì rí i pé inú họ́òsì láti gálọ́ọ̀nù wá mọ́ rekete, kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n láti ojú ibi tó ti wọ fáàfù ni ìhó afẹ́fẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, ó ń tẹ̀lé ara wọn lọ sínú pọ́ǹpù. Atẹ́gùn ló ń fà níbẹ̀ dípò omi.

Téèpù ò lè ràn án lọ́wọ́ torí pé irú ojú ìsopọ̀ yẹn, rọ́bà inú ẹ̀ ló ń dí i, kì í ṣe tírẹ́ẹ̀dì. Tírẹ́ẹ̀dì kàn ń fún rọ́bà yẹn mọ́lẹ̀ ni. Mo yọ wáṣà inú ẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti pẹlẹbẹ, ẹ̀gbẹ́ kan ti sán. Mo fi tuntun sí i, mo fi ọwọ́ lásán dè é, mi ò wulẹ̀ lo sípánà. Mo tan pọ́ǹpù, píǹkì sáré gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, ìró pọ́ǹpù yí padà láti orí kíkùn gbígbẹ sí ìró tó wúwo, táàpù ilé ìdáná sì tutọ́ omi tó ṣì mọ́, kó tó wá di píǹkì.

Ẹ má ti táàpù níwọ̀n ìgbà tí píǹkì bá kọ́kọ́ yọ. Èyí tó kọ́kọ́ ń jáde máa ń rẹ̀súrẹ̀sú, omi ṣì wà nínú ẹ̀. Ìdí tí mo fi mú ife funfun nìyẹn: mo bu díẹ̀ láti inú gálọ́ọ̀nù síbi kan, mò ń gba èyí tó ń jáde lẹ́nu táàpù sínú ife, mò ń gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àfi ìgbà tí àwọ̀ wọn bá dọ́gba ni mo máa ń tì í. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu tó sún mọ́ pọ́ǹpù jù, mo sì ń lọ síwájú. Tútù, ó di gbóná, ó di ẹnu mìíràn. Apá gbóná máa ń pẹ́ díẹ̀ kí píǹkì tó dé, ọ̀nà ẹ̀ jìn, ẹ ní sùúrù. Tí gálọ́ọ̀nù bá fẹ́ tán, ẹ pa pọ́ǹpù kí ẹ tó yí họ́òsì sí òmíràn, kó má baà fa afẹ́fẹ́.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì: mo tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí píǹkì fi yí inú ẹ̀ ká. Ṣáwà inú: mo gbé orí ẹ̀ kúrò lórí ìkọ́, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo ṣí méjèèjì, lẹ́yìn náà mo jẹ́ kí họ́òsì ẹ̀ dà gbẹ. Ṣáwà ìta: ohun kan náà, mo sì dúró tì í ju gbogbo ìyókù lọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tírélà, mo ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ pupa àti búlúù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Omi mọ́ ló kọ́kọ́ jáde nínú búlúù, ó tó ife kan, lẹ́yìn tí mo ti fẹ́ atẹ́gùn, lẹ́yìn tí gbogbo táàpù inú ilé ti ń yọ píǹkì. Páìpù kúkúrú tó wà níbẹ̀ kò lọ síbì kankan, omi kì í gba inú ẹ̀ kọjá, àfi tí a bá ṣí i fúnra ẹ̀. Gbogbo irú ibi bẹ́ẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara yín ṣí.

8. Ẹnu omi ìta

Ìkẹyìn nínú 12, òun náà làwọn èèyàn sì ń gbàgbé jù. Fáàfù kékeré wà nínú ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi padà jáde, omi díẹ̀ máa ń há sẹ́yìn ẹ̀. Mo pa pọ́ǹpù, mo ṣí táàpù ilé ìdáná fẹ́ẹ́rẹ́ kí agbára inú páìpù lọ sílẹ̀, mo tì í kó má lọ tán. Mo fa asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀ yọ, mo fi ìdí bírò ti àárín fáàfù yẹn wọlé. Omi mọ́ ló kọ́kọ́ tú jáde, kí píǹkì tó tẹ̀lé e. Ẹ má fi bírò ti fáàfù yẹn wọlé nígbà tí agbára pọ́ǹpù ṣì wà nínú páìpù pátápátá, rọ́bà inú ẹ̀ lè fò jáde, ó sì ṣòro láti dá padà.

9. Ọrùn páìpù àti táǹkì ìdọ̀tí

Èyí yára. Omi píǹkì bíi ìdajì lítà sínú síǹkì kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ sí ilẹ̀ ṣáwà, torí omi máa ń jókòó sínú ọrùn tó tẹ̀ lábẹ́ wọn. Mo fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì kí rọ́bà ẹ̀ má gbẹ. Bíi lítà kan wọ táǹkì ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan kí ẹnu tí a fi ń dà á nù má baà dì pa. Gbogbo nǹkan, gálọ́ọ̀nù 2 ló tán sínú páìpù, ìkẹta ló bá àwọn yìí lọ, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀.

Mo lẹ téèpù mọ́ súìṣì hítà, mo kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé HÍTÀ GBẸ, MÁ TÀN ÁN. Tí ẹnikẹ́ni bá tan iná mànàmáná sí hítà tí kò lómi nínú, irin tó ń gbóná nínú ẹ̀ máa jó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bó ṣe rí nígbà tí òtútù lọ

Òtútù yẹn mú gan-an, àwọn òru kan wà tó lọ sí -20°C. Nígbà tí mo ṣí i, mo da omi mímọ́ sí táǹkì, mo fọ gbogbo ẹnu títí píǹkì àti ìfòfó ẹ̀ fi tán, mo ti gbogbo táàpù, pọ́ǹpù kùn, ó gé, ó sì dákẹ́. Mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan pẹ̀lú súìṣì ẹ̀ ní títàn, kò ta pútú. Mo lọ fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo ojú ìsopọ̀ tó wà lórí àwòrán, àkísà ò tutù níbì kankan.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo dá fáàfù hítà padà sí ipò wọn, mo jẹ́ kí hítà kún, mo wá fi bílíìṣì fọ ọ̀nà omi: mìlílítà 60 bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn nínú sí gálọ́ọ̀nù 15 omi (bíi lítà 57), mo pò ó kí n tó dà á sí táǹkì, mo fà á dé gbogbo ẹnu títí òórùn ẹ̀ fi jáde níbẹ̀, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo dà á nù, mo fi omi tuntun fọ̀ ọ́ títí mi ò fi gbóòórùn ẹ̀ mọ́, ìgbà náà ni mo fi asẹ́ tuntun sí i, kì í ṣe ṣáájú.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Fáàfù àárín tó le lẹ́yìn hítà, nígbà tí mo ń dá a padà ó tún le ju tàtẹ̀yìnwá lọ, tí kò bá tì dé òpin, omi tútù á máa gba ibẹ̀ lọ pàdé omi gbóná, omi tó yẹ kó gbóná ní táàpù á wá lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo ti ra òmíràn tí ara ẹ̀ jẹ́ bàbà, ó máa wọlé kí n tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.